Kí ni àwọn tíṣà ń ṣe ní Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn oṣù?

Ọ̀rọ̀ tí ọ́fíìsì ìgbáyégbádùn bá àwọn olóko sọ ní ìpàdé gbogbogbòò ibùdó, lẹ́yìn ìkórè iṣu

Iṣu ọdún yìí kò burú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àwọn tí omi gba oko wọn ní ìsàlẹ̀ odò, a bá wọn kẹ́dùn. Ọ̀rọ̀ tiwọn ń bọ̀ lẹ́yìn èyí, alága ti ní òun fúnra òun ni yóò sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ tiwa lónìí jẹ mọ́ ilé-ìwé. Ẹjọ́ méjì ni ẹ ti gbé wá sí ọ́fíìsì wa láti ìgbà tí tààmù yìí ti bẹ̀rẹ̀. Èkíní, ẹ ní ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ tó bá kẹ́yìn oṣù, aago mọ́kànlá ni àwọn tíṣà ń tú àwọn ọmọ sílẹ̀, tí àwọn fúnra wọn yóò sì kó ara wọn jọ sí ilé-ìwé kan ṣoṣo, tí wọn yóò máa tàkúrọ̀sọ títí di ìrọ̀lẹ́. Bàbá kan sọ ọ́ sí wa lójú pé, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, owó ọ̀fẹ́ lẹ ń gbà." A kò bínú sí wọn. Èkejì, àwọn kan nínú yín fẹ́ kí a dá owó jọ ra kọ̀ǹpútà fún ilé-ìwé ibùdó, nítorí pé àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Ìbàdàn àti Ògbómọ̀ṣọ́ ń lò ó, ẹ kò sì fẹ́ kí ojú ti ọmọ tiyín nígbà tó bá lọ sílé lọ́dún.

Lójú tiwa, ẹjọ́ méjèèjì yìí ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé, kí ẹ tó dá a.

Ṣùgbọ́n a ní láti kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun kan. Àwọn tó ti pẹ́ níhìn-ín yóò rántí àwọn páálí tí ọkọ̀ kan já sílẹ̀ níwájú ọ́fíìsì ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, tí a pe gbogbo yín jáde, tí a lu ìlù, tí a sì ya fọ́tò. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí à ń fi ìka tẹ̀ lójú ni ó wà nínú wọn, ogún ni wọ́n. Àwọn tó fi ta wá lọ́rẹ ní àwọn ọmọ yóò máa fi kàwé. Ọ́fíìsì wa ni ó gbà á, àwa ni a fọwọ́ sí ìwé. Ohun tí a kò béèrè ni ẹni tí yóò kọ́ àwọn tíṣà bí wọn yóò ti lò ó. Ẹnì kan péré ni wọ́n kọ́, fún nǹkan bíi wákàtí méjì, ìyẹn ọ̀gá ilé-ìwé ìgbà náà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé ọ̀gá náà lọ sí ibòmíràn. Ẹni tó gba ipò rẹ̀ ń bẹ̀rù pé bí ọ̀kan bá fọ́, inú owó oṣù òun ni wọn yóò ti yọ ọ́. Ó kó gbogbo wọn sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó tì í, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Nígbà tí a ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà lẹ́yìn ọdún méjì, bátìrì àwọn mìíràn ti wú bí àkàrà, eku ti jẹ wáyà, mẹ́ta péré ni ó ṣì ń tàn. A kò dá ọ̀gá náà lẹ́bi. Àwa tí a gba ẹ̀rọ láìgba ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni a jẹ̀bi, ó sì ń dùn wá di òní yìí.

Àwa nìkan kọ́ ni ó ṣẹlẹ̀ sí. Orílẹ̀-èdè kan wà tí ń jẹ́ Peru, ní Amẹ́ríkà ti Gúúsù. Ìjọba ibẹ̀ ra ọ̀kẹ́ àìmọye kọ̀ǹpútà kékeré fún àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pàápàá àwọn ọmọ abúlé tó jìnnà sí ìlú ńlá. Ní ọdún 2012, àwọn olùwádìí jábọ̀ ohun tí wọ́n rí ní ilé-ìwé abúlé 319. Àwọn ọmọ tó gba kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n lò, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dán wọn wò nínú ìṣirò àti nínú ìwé kíkà, wọn kò fi ohunkóhun sàn ju àwọn tí kò rí kọ̀ǹpútà rárá. Ohun tó kù ní Peru ni ó kù lọ́dọ̀ tiwa. Àwọn tíṣà kò rí ẹni tó fi bí wọn yóò ti mú ẹ̀rọ náà wọ inú ẹ̀kọ́ wọn hàn wọ́n dáadáa.

Àwa náà gba ìwé ẹ̀rí tíṣà kí a tó wá sí ẹnu iṣẹ́ ìgbáyégbádùn yìí. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti gbà á, wọ́n kọ́ wa ní ohun tí wọ́n ń pè ní ohun èlò ìkọ́ni. Ṣé ẹ mọ bí a ṣe kọ́ ọ? A ya àwòrán ẹ̀rọ tó ń gbé sinimá sára ògiri sínú páálí, a kọ orúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, a sì gba máàkì. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó fọwọ́ kàn án. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ìjọba ń rán sí kíláàsì, tí a sì ń retí pé kó gbé ẹ̀rọ jáde lọ́jọ́ kan kó sì máa fi kọ́ ọmọ.

Nítorí náà, ohun tí àwọn tíṣà yín ń ṣe ní Ọjọ́bọ̀ yìí, aáro ni. Ẹ mọ aáro jù wá lọ. Lónìí a kọ ebè lóko lágbájá, lọ́la a dé oko làmọ̀rín, kò sì sí ẹni tó dá nìkan kọ ọ́ tán. Tíṣà mọ́kànlá ni ó wà ní ilé-ìwé mẹ́ta àgbègbè wa, èyí tó wà nínú ibùdó, ti ẹ̀bá odò, àti ti ọ̀nà ọjà. Lóṣooṣù, ẹnì kan nínú wọn ni oko rẹ̀ kàn. Ẹni náà yóò gbé ohun tó fi ẹ̀rọ ṣe nínú kíláàsì rẹ̀ wá, yóò ṣe é níṣojú àwọn yòókù, àwọn yòókù yóò jókòó bí ọmọ ilé-ìwé. Wọn yóò bi í ní ìbéèrè, wọn yóò tú u palẹ̀. Kálukú yóò lọ dán an wò, bó bá sì di oṣù tó ń bọ̀, wọn yóò sọ bó ti rí. Òfin méjì ni wọ́n ṣe fún ara wọn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ohun tí kò tíì fi kọ́ ọmọ rí. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ ibi tó dára láìsọ ibi tó ti bàjẹ́. Òfin kejì yìí ni ó wù wá jù, nítorí ojú ìwòye wa ni pé kò sí ìpàdé òṣìṣẹ́ ìjọba tí a ti lọ rí tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀.

A ti bá wọn jókòó lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí a sọ díẹ̀ nínú ohun tí a rí.

Tíṣà obìnrin kan wà ní ilé-ìwé ẹ̀bá odò tí ń kọ́ kíláàsì kejì. Ẹ rántí pé ní oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà àrùn kòrónà, ìjọba ti ilé-ìwé pa káàkiri Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀kọ́ jáde lórí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì àti ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Tíṣà yìí fi fóònù rẹ̀ gba ohùn díẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò náà sílẹ̀, kò sì pa á rẹ́. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ra gbohùngbohùn kékeré kan, ó so fóònù mọ́ ọn, ó tẹ̀ ẹ́ fún àwọn ọmọ, ó sì jókòó. Ó ní wọ́n gbọ́ ọ bí àgbàlagbà ti ń gbọ́ ìròyìn. Kí ó tó pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìdajì ti ń tòògbé, àwọn yòókù ń ja ìjà abẹ́ tábìlì. Níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ti sọ èyí, ẹ̀rín pa gbogbo wa, òun náà rín in.

Lẹ́yìn náà ni ó wá fi bí ó ti tún un ṣe hàn. Ní alẹ́, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti gbọ́ ẹ̀kọ́ náà tán lẹ́ẹ̀kan. Ó kọ ìṣirò mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀ sórí pátákó. Ó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣa òkúta wẹ́wẹ́ ogún wá síwájú ara rẹ̀. Bí ohùn inú ẹ̀rọ bá ti béèrè pé mẹ́jọ àti márùn-ún jẹ́ mélòó, ó dá a dúró. Àwọn ọmọ yóò ka òkúta, wọn yóò dáhùn. Nígbà náà ni yóò jẹ́ kí ohùn náà máa lọ, kí ó sọ ìdáhùn, kí kálukú sì wò ó bóyá òun gbà á. Ọmọ kan kò sùn mọ́.

Ẹ wo ohun tí aáro ṣe sí i. Bàbá tíṣà kan tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí kí àwa tó gbọ́n dìde, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ó dára, ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá jọ ń dáhùn, àwọn tó mọ̀ ọ́n yóò fi ohùn bo àwọn tí kò mọ̀ ọ́n." Wọ́n ní kí ó pe ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, kí ó sì jẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́yìn kọ́kọ́ dáhùn. Bàbá yìí kò ní fóònù tó ń ya fọ́tò, kò sì fẹ́ ní in. Síbẹ̀, àwọn ni wọ́n tún ẹ̀kọ́ orí ẹ̀rọ náà ṣe jù lọ́jọ́ náà.

Ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi ń béèrè, tó ń dákẹ́ fún ọmọ, tó sì ń dáhùn yìí ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 1974, ní orílẹ̀-èdè Nicaragua, àwọn ọ̀mọ̀wé láti Yunifásítì Stanford bá ìjọba ibẹ̀ ṣe ẹ̀kọ́ ìṣirò orí rédíò fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé e jáde. Bí rédíò bá sọ tirẹ̀ tán, tíṣà yóò gbà á, yóò máa bá a lọ. Àwọn ọmọ tó gbọ́ ọ mọ ìṣirò ju àwọn tí kò gbọ́ ọ lọ, ọmọ abúlé ni ó sì jẹ àǹfààní rẹ̀ jù. Láti ibẹ̀ ni ó ti tàn dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀, títí kan ilẹ̀ wa. Ní Nàìjíríà níbí, ọdún 1989 ni ìjọba àpapọ̀ fi òfin dá àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ àwọn tí ń ṣí kiri sílẹ̀, Kàdúná ni olú ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Ọmọ darandaran ni wọ́n kọ́kọ́ rò mọ́ ọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àjọ náà kan ọmọ apẹja tí ń ṣí kiri, ó sì kan ọmọ àgbẹ̀ tó fi ilé sílẹ̀ lọ dáko níbòmíràn, ìyẹn ni pé ó kan ọmọ yín. Àjọ yìí lo rédíò ní èdè Haúsá láti bá àwọn Fúlàní sọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ní gáà wọn.

Haúsá tí a dá yìí ni ó gbé wa dé ọ̀rọ̀ èdè, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì ti pọ̀ jù fún àwa tí a wà ní ilẹ̀ àlejò. Ọmọ yín ń sọ Yorùbá nílé, ó ń gbọ́ Tápà lọ́jà, ó ń gbọ́ Haúsá nínú ọkọ̀, Òyìnbó ni ó sì wà nínú ìwé. Tíṣà kíláàsì kìíní ní ilé-ìwé ọ̀nà ọjà, ọmọ Tápà ni, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tiwa ni ó pọ̀ jù ní kíláàsì rẹ̀, "ẹ káàárọ̀" nìkan ni ó sì gbọ́ nínú Yorùbá nígbà tó dé. Ó ní àwọn ọmọ a máa wo òun lẹ́nu fún oṣù mẹ́ta gbáko bí ẹni ń wo ẹyẹ. Ó gbé ìṣòro yìí wá síbi aáro, ojú ń tì í díẹ̀.

Ìyá tíṣà kan láti ilé-ìwé ibùdó ni ó gbà á là. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú, ìyá yìí yóò jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, yóò gbé fóònù sẹ́nu, yóò sì sọ ní Yorùbá ohun tí kíláàsì kìíní yóò kọ́ ní ọ̀sẹ̀ náà, ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Wọ́n á ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, lónìí tíṣà yín yóò mú igbá mẹ́ta wá, ẹ wò ó dáadáa, èwo ni ó tóbi jù?" Mẹ́mórì káàdì ni wọ́n fi ń rán an, ọlọ́kadà kan náà tó ń gbé ẹja kọjá ni ó ń mú un lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà yóò tẹ̀ ẹ́ fún àwọn ọmọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, yóò wá kọ́ wọn ní Òyìnbó lẹ́yìn tí wọ́n ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Òun náà ń tibẹ̀ kọ́ Yorùbá. Nígbà tí a bẹ̀ ẹ́ wò lóṣù tó kọjá, ó ní kí a má wulẹ̀ sọ Òyìnbó sí òun mọ́. Òun náà sì san aáro padà. Ó gba ìkíni àti òǹkà èdè Tápà sílẹ̀ fún ìyá tíṣà yẹn, nítorí àwọn ọmọ onílẹ̀ mélòó kan wà ní kíláàsì tiwọn tí wọ́n máa ń jókòó sí igun bí ẹni tí kò ní ìyá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tó máa ń dá wàhálà sílẹ̀ láàárín àlejò àti onílẹ̀, ẹ mọ ohun tí èyí tó.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Yorùbá yóò fa ọmọ sẹ́yìn nínú Òyìnbó. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà, tí Òyìnbó sì jẹ́ iṣẹ́ kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n wọ̀n wọ́n mọ́ àwọn tí wọ́n fi Òyìnbó kọ́, wọn kò kù sẹ́yìn nínú Òyìnbó náà, wọ́n sì ta wọ́n yọ nínú àwọn iṣẹ́ yòókù.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ti kòkòrò, nítorí ó kàn yín ní tààrà. Tíṣà kíláàsì karùn-ún fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ nípa kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ń pè ní armyworm, tó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wọ Nàìjíríà ní ọdún 2016. Ó fi kámẹ́rà fóònù rẹ̀ ya orí kòkòrò náà, ó sì gbé fóònù sókè níwájú ọmọ tó lé ní àádọ́ta. Àwọn tó wà ní ìlà iwájú nìkan ni ó rí nǹkan. Àwọn ti ẹ̀yìn rọ́ wá síwájú, fóònù bọ́, ojú rẹ̀ sì là. Fóònù tó fi owó ara rẹ̀ rà ni o. Ibi tó ti bàjẹ́ nìyẹn, ó sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ibi aáro ni wọ́n ti tún un tò. Kòkòrò fúnra rẹ̀ yóò wà láàyè nínú ìgò, àwọn ọmọ yóò máa ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé wọn lórí ìjókòó. Mẹ́fà mẹ́fà ni wọn yóò máa jáde wá sẹ́nu ọ̀nà níbi tí tíṣà ti di fóònù mú, tí wọn yóò wo orí rẹ̀ bó ti tóbi. Wọn yóò rí àmì funfun kan níwájú orí rẹ̀ bí lẹ́tà Y tí a dojú rẹ̀ dé ilẹ̀. Wọn yóò tún rí tóótòòtó dúdú mẹ́rin sí ẹ̀yìn rẹ̀ lápá ìrù, tí wọ́n tò bí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tábìlì. Ẹni tó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan kò lè ṣì í mú fún kòkòrò mìíràn mọ́. Ọmọbìnrin kan nínú wọn dé oko bàbá rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó yẹ ọ̀mùnú àgbàdo wò, ó rí ìgbẹ́ kòkòrò bí ìyẹ̀fun pákó nínú rẹ̀, ó sì tọ́ka sí i. Bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ ṣa wọ́n, wọ́n tẹ̀ wọ́n pa láàárọ̀ láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, nígbà tí wọ́n ṣì kéré. Bàbá náà wà nínú ìpàdé yìí. A kò ní dárúkọ wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wò wọ́n nísinsìnyí yóò mọ̀ wọ́n, nítorí wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá kan ti bi wá pé, "Ẹ̀yin lẹ ní kí a gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ, ẹ̀yin lẹ tún ń gbé e wọ kíláàsì." Ìbéèrè gidi ni. Àwa náà ti rí ọmọ kékeré tó ń wo ohun tí àgbàlagbà kò gbọdọ̀ wò lórí fóònù bàbá rẹ̀ lóru. Ìdáhùn wa ni pé fóònù ilé-ìwé kò ní káàdì ìpè nínú, ọwọ́ tíṣà ni ó ń wà, kò sì bá ọmọ dé ilé. Ti ilé yín, ẹ̀yin ni ẹ ni ín. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sí i.

Ó wá kan owó. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ̀ǹpútà, a kò sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan àti ojú rẹ̀ lè jẹ iná tó tó wọ́ọ̀tì 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní gbogbo ìgbà tó bá wà ní títàn, ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ ibùdó sì ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́dọ̀ omi àti lọ́dọ̀ ẹ̀rọ ìlọ̀. Ẹ wo ìṣirò pánẹ́ẹ̀lì oòrùn kékeré, ti wọ́ọ̀tì 20. Bí oòrùn bá mú dáadáa fún wákàtí márùn-ún, ohun tí yóò kó jọ kò ju ohun tí kọ̀ǹpútà yẹn yóò jẹ ní wákàtí kan lọ. Ṣùgbọ́n fóònù ńkọ́? Bátìrì fóònù kan kì í sábà gbà ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà rẹ̀ lọ. Bí a bá yọ èyí tó ṣòfò lójú ọ̀nà, pánẹ́ẹ̀lì kan yóò kún fóònù mẹ́ta tàbí mẹ́rin lójúmọ́, tàbí kí ó kún méjì kí ó sì bọ́ gbohùngbohùn. Nígbà ọyẹ́, eruku yóò bò ó, agbára rẹ̀ yóò sì dínkù. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà ti gbà láti máa fi omi àti aṣọ rírọ̀ nù ún ní àárọ̀, kí ó tó gbóná.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún ni pánẹ́ẹ̀lì kan, bátìrì rẹ̀, gbohùngbohùn kan, fóònù méjì àti mẹ́mórì káàdì mẹ́ta fún ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan. Kí tíṣà má ṣe máa fi fóònù ti ara rẹ̀ jìyà mọ́. Akápò ti lọ béèrè iye rẹ̀ lọ́jà lọ́nà mẹ́ta, yóò kà á fún yín. A kò béèrè owó lọ́wọ́ yín lónìí. Iṣu mẹ́wàá-mẹ́wàá láti ilé kọ̀ọ̀kan ni a rò, èyí tí ẹgbẹ́ yóò jọ tà ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kí àwọn alágbàtà má baà dá iye lé e lórí wa. Àwọn tí omi gba oko wọn kò sí níbẹ̀. Tí kọ̀ǹpútà, ọjọ́ tí àwọn tíṣà bá sọ níbi aáro wọn pé àwọn mọ ohun tí àwọn yóò fi ṣe, àwa ni a ó kọ́kọ́ gbé àpò jáde.

Nípa aago mọ́kànlá, ẹ̀yin ìyá ni ẹ jàre. Ọmọ kíláàsì kìíní àti èkejì kò yẹ kó dé ilé kí ìyá rẹ̀ tó ti ọjà dé. A ti bá àwọn tíṣà sọ ọ́, wọ́n sì ti gbà pé méjì nínú wọn yóò máa dúró ti àwọn kékeré títí di aago kan, ní ìyípo, wọn yóò sì dara pọ̀ mọ́ ìpàdé lẹ́yìn náà. Àwọn ńlá yóò máa lọ.

Àwa náà ní ẹjọ́ tiwa pẹ̀lú yín. Ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ ń kọ ebè, a wọ kíláàsì karùn-ún tí a sọ yìí, a kò bá ìdajì àwọn ọmọ. Àwọn tó kù, ọmọbìnrin ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí kò wá, nítorí àwọn ni ń gbé oúnjẹ lọ bá àwọn akọbè. A mọ̀ pé oko kò ní dúró. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí tíṣà ti lo alẹ́ rẹ̀ láti gbọ́, tó ti ṣa òkúta sílẹ̀ fún, a kì í ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Bí kò bá ṣeé ṣe láti fi wọ́n sílẹ̀ pátápátá, ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró di ìsinmi aago mẹ́wàá, kí wọ́n tó gbé oúnjẹ. Ìṣirò àti ìwé kíkà ni àwọn tíṣà ti gbà láti máa fi ṣíwájú ní ọ̀sẹ̀ ebè.

Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn oṣù yìí, ilé-ìwé ibùdó ni aáro wà. Tíṣà kíláàsì kẹrin ni ó kàn, ohun tó sì fẹ́ fi hàn ni bí ọmọ ṣe ń gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó ń kàwé, tó sì ń gbọ́ àṣìṣe rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ń rò pé wọ́n ń tàkúrọ̀sọ, kó wá jókòó sẹ́yìn kó wò ó. Àga kò tó, ẹ gbé àpótí yín dání. Iṣu, ẹ jọ̀wọ́, kó dé ilé ìkẹ́rùsí kí ó tó di Sátidé, akọ̀wé ni yóò máa kọ orúkọ.

Ó yá, ẹ bi wá ní ìbéèrè. Bàbá tó ní owó ọ̀fẹ́ là ń gbà, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ bi wá.